Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Bí A Ṣe Ń Wá Gómìnà Tí A Kò Rí



Ní ọdún 2023, ìbéèrè kan gba ẹnu gbogbo ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Àkókó títí dé etí òkun tiwa níhìn-ín: níbo ni Gómìnà wà? Wọ́n ń bèèrè rẹ̀ lọ́jà Igbókòdá, wọ́n ń bèèrè rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Ayétòrò, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn pẹ̀lú. Ìdáhùn tí ẹnì kan bá fún ọ ní òwúrọ̀, ẹlòmíràn á ti yí i padà kí ọjọ́ tó rọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ tinú tẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kí ó le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ wà tí ó lè máa ka gbogbo ìwé ìròyìn tọ̀sán tòru, tí yóò sì máa sọ ibi tí aláṣẹ wa wà fún wa. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀, ewu náà sì wà níbẹ̀.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá. Láti ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Google ti gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n ń pè ní Google Alerts. Kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀ fún un, ìgbàkígbà tí orúkọ náà bá jáde nínú ìròyìn tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ. Òmíràn tún wà tí ó ju ìyẹn lọ, GDELT ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ka ìròyìn káàkiri ayé ní onírúurú èdè, ó sì ń ṣa orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú jáde láti inú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Kalev Leetaru, ará Amẹ́ríkà tí ó dá a sílẹ̀, ti kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Osama bin Laden. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ó gbé ìwádìí kan jáde pé, bí a bá fi kọ̀ǹpútà ńlá ka ohun tí àwọn oníròyìn ti kọ nípa ọkùnrin náà láti ẹ̀yìn wá, àwọn ìlú tí wọ́n ń dárúkọ pọ̀ mọ́ tirẹ̀ tọ́ka sí àríwá Pakísítánì, ní nǹkan bí 200 kìlómítà yíká. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ọjọ́: ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti pa bin Laden ní Abbottabad. Ìdáhùn ti jáde kí ìṣirò tó jáde. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí ẹja wà, kò ṣòro fún un láti ju àwọ̀n síbẹ̀.

Ẹnu ni ẹ̀rọ náà ń kà, kì í rí ojú. Bí ìwé ìròyìn ogún bá gba ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu akọ̀wé ìròyìn kan, ẹ̀rọ á kà á sí ogún. Níwájú adájọ́, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Àwọn àgbà wa yóò rántí oṣù kọkànlá ọdún 1989, nígbà tí àwọn oníròyìn ilẹ̀ wa kéde pé Dókítà Nnamdi Azikiwe ti kú. Baba náà wà láàyè, ó jókòó sí ilé rẹ̀. Ọdún 1996 ni ó tó di olóògbé. Ká ní ẹ̀rọ yìí ti wà nígbà náà, ìwé lórí ìwé tí ó bá kà ni ìbá máa fohùn ṣọ̀kan, òun náà ìbá sì bá wọn sin alààyè.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Gómìnà Rótìmí Akérédolú kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé òun ń lọ fún ìsinmi láti tọ́jú ara, igbákejì rẹ̀, Lucky Aiyedatiwa, sì di adelé. Jámánì ni Gómìnà lọ. Ìsinmi náà gùn ju bí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ lọ, àgbọ́sọ sì gbòde pé ó ti kú. Ìjọba ní irọ́ ni, irọ́ náà sì ni. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ó padà sí Nàìjíríà, ó kọ̀wé pé òun ti gba iṣẹ́ òun padà. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kọ́ ni ó bọ́ sí. Ìbàdàn ni, nínú ilé ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí oṣù kejìlá fi wọlé. Láàrin ìgbà yẹn náà ni àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ igbákejì nípò, títí ọ̀rọ̀ fi dé iwájú Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní Àbújá. Ní oṣù kejìlá Gómìnà tún kọ̀wé ìsinmi. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà ó jáde láyé ní Jámánì, ẹni ọdún 67, wọ́n sì búra fún Aiyedatiwa lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí Ọlọ́run máa tu ìdílé olóògbé nínú.

Kí ni ẹ̀rọ tí ń ka ìròyìn ìbá sọ fún wa ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn? Kò sí ìròyìn kan nípa Akérédolú tí kò ní orúkọ Oǹdó nínú, nítorí gómìnà Oǹdó ni. Ẹ̀rọ lè rò pé ìlú Oǹdó ni ó wà. Àkúrẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìkéde ìjọba ti ń jáde, ẹ̀rọ á tún kọ Àkúrẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni baba náà, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í fi àmì sórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá bọ́ sínú ìròyìn Yorùbá tí wọn kò fi àmì sí, ó di kí ó máa rò bóyá ìlú Ọ̀wọ̀ ni, tàbí owó tí a ń ná, tàbí ọwọ́ tí a fi ń jẹun. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí gbọ́n ju èyí lọ díẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ, wọn kò lè kà á.

Ká tilẹ̀ ní ẹ̀rọ gbà á tán, tí ó dáhùn pé Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Kí ni a ó fi òótọ́ náà ṣe? Kò sí ibi tí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ní dandan ni kí gómìnà máa sùn ní olú ìlú rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe láàrin ọ̀sẹ̀, mo sì mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Láti ọwọ́ akọ̀wé á dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá á dé ọ̀dọ̀ kọmíṣánnà, òmíràn sì wà tí kò lè parí níbòmíràn àfi lórí tábìlì Gómìnà. Bí kò bá dá ẹnikẹ́ni lójú ẹni tí ó wà lórí àga, kò sí ẹni tí yóò kọ pé òun kọ̀. Wọ́n kàn á ní kí fáìlì sinmi ná. Fáìlì lè sinmi. Òkun tí ń jẹ ilé ní Ayétòrò kì í sinmi, ọmọ tí ń wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé kì í sinmi, aboyún tí ó ń wá ọ̀nà dé Igbókòdá lóru kò lè sinmi. Ohun tí ó yẹ kí á máa ṣọ́ nìyẹn: ta ni ó ń buwọ́ lùwé lónìí, ìwé wo ni ó fún un láṣẹ, ọjọ́ wo ni?

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé kò jìnnà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ sí Sáúdí Arébíà fún ìtọ́jú, kò sì kọ̀wé sí àwọn aṣòfin. Gbogbo ayé mọ orílẹ̀-èdè tí ó wà. Ibi tí ó wà kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni pé kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti búra fún adájọ́ àgbà tuntun ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, Idris Kutigi tí ń fẹ̀yìn tì ni ó búra fún Aloysius Katsina-Alu tí ń gorí àga, nítorí Ààrẹ kò sí nílé. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2010 kí àwọn aṣòfin tó fi ìpinnu tiwọn sọ Goodluck Jonathan di adelé. Yar'Adua padà sílé lóru ní oṣù náà, ó sì kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí wọ́n tún ìwé òfin ṣe lọ́dún náà. Ní abala 190, bí gómìnà bá ń lọ fún ìsinmi tàbí tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí olórí ilé ìgbìmọ̀. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí kò kọ ọ́, àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fi ìbò tí ó pọ̀ jù gbé iṣẹ́ náà lé igbákejì lọ́wọ́. Ẹ rí i pé òfin kò ní kí á lọ wá ọkùnrin náà kiri. Ìwé ni ó ní kí á wá.

Mósè gan-an kò gun òkè Sínáì láì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ní kí ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ tọ Áárónì àti Húrì lọ. Ogójì ọjọ́ ni ó lò lókè, àwọn ènìyàn kò rí i, wọn kò mọ ohun tí ó ṣe é, wọ́n sì ya ère ọmọ màlúù. A máa ń fi èyí bú wọn lórí pẹpẹ, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó lójú aráàlú pẹ̀lú: ibi tí aṣáájú kò bá ti ránṣẹ́, àgbọ́sọ ni àwọn ènìyàn yóò máa sìn.

Ọ̀nà kan wà tí mo gbà pé ó dára láti fi ìwé ìròyìn tọ aláṣẹ lẹ́sẹ̀. Kamẹrúùnù ni mo ti rí i, ilẹ̀ tí àwọn apẹja wa mọ etíkun rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 2018, àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n ń bá àjọ OCCRP ṣiṣẹ́ kó ìwé ìròyìn ìjọba ibẹ̀, Cameroon Tribune, jọ, wọ́n sì ka gbogbo ibi tí ó ti kéde pé Ààrẹ Paul Biya rìnrìn àjò, àti ìgbà tí ó dé. Wọ́n ṣírò rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gorí àga ní ọdún 1982. Ó ju ọdún mẹ́rin lọ tí ó ti lò lókè òkun nínú àbẹ̀wò tí ìjọba fúnra rẹ̀ pè ní ti ara ẹni. Kò sí ẹni tí ó yọjú wo fèrèsé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fún nọ́ọ̀sì lówó. Ohun tí ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n tò pọ̀, tí wọ́n sì ṣírò. Irú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ lè bá wa mú yá: kí ó ṣa ọjọ́ jọ, kí ènìyàn wá jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí ń dẹ́rù bà mí ni pé àwọn kan kò ní dúró níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń tọ gómìnà lẹ́sẹ̀ kò mọ̀ bóyá gómìnà ni. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sí i, á tọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọmọbìnrin ìjọ wa kan tí ó ń sọ òtítọ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ epo, á tọ òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán aláìsàn lórí ibùsùn kì í ṣe ohun tí onígbàgbọ́ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni yòówù kí aláìsàn náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á tún sọ òótọ́ kan fún ara wa. Ní ọdún 2023, àwọn kan ní Ìlàjẹ ń pariwo ìbéèrè náà nítorí pé ọmọ Obe-Nla ni igbákejì. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wa gorí àga. Ó ti gorí rẹ̀ wàyí, a sì tún dìbò fún un ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ojú tí a fi wo ará Ọ̀wọ̀ ni kí á fi wo ọmọ ilé wa. Bí a bá dákẹ́ nísinsìnyí nítorí pé tiwa ni, a jẹ́ pé kì í ṣe òdodo ni a ń wá lọ́jọ́ kìíní.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lè bẹ̀rẹ̀ láì ná owó púpọ̀. Kí ẹni tí fóònù rẹ̀ ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba Google Alerts lórí orúkọ ipò náà, kì í ṣe lórí orúkọ ìdílé ẹnikẹ́ni. Kí akọ̀wé ní ìwé ńlá kan: ọjọ́ tí ìròyìn jáde, ẹni tí ó fojú rí ohun tí ó ń sọ, àti bóyá ìwé ìsinmi ti dé ilé ìgbìmọ̀. Ìròyìn tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ 21 bá sì pé tí ìwé kò dé, a ní aṣojú méjì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àkúrẹ́, ti Ìlàjẹ kìíní àti ti Ìlàjẹ kejì. Àwọn ni kí á lọ bi léèrè, kì í ṣe dókítà.