Eérú tí ẹ ń kó fún ọlọ́mọlanke, ibo ló ń gbé e lọ?

Ọ̀rọ̀ eérú ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò Ìkẹjà, Ògbà àti Agége sọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ló kan àwọn kan eérú, nígbà tí owó díísù ń lọ sókè tí iná mànàmáná ò sì dúró sójú kan. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní iléeṣẹ́ kékeré kan lágbègbè Ògbà. Ike ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju mẹ́jọ lọ. Nígbà tí owó ìkódọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, ó ní kí jórinjórin kan bá òun ṣe ààrò onírin ńlá kan sẹ́yìn ọgbà. Ibẹ̀ ló ti ń sun gbogbo ohun tí wọn ò lò mọ́: àjákù ike, páálí, agolo ọ̀dà, àkísà tí wọ́n fi nu òyìnbó ẹ̀rọ, wáyà, títí kan bátìrì tó ti kú. Bó bá di Sátidé, àwọn ọmọ iṣẹ́ á kó eérú sínú àpò, ọlọ́mọlanke á gbé e lọ. Mo bi í pé ibo ló ń gbé e lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti di eérú, kí ló tún kù níbẹ̀?" Mo bá lọ bi ọlọ́mọlanke fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn onílé kan ní ìhà Agége ló máa ń ní kí òun wá dà á sí kòtò ojú títì wọn bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹnì kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù náà máa ń gbà lára rẹ̀ pò mọ́ yanrìn.

Gbólóhùn "ó ti di eérú" yẹn ni mò ń bá jà. A ò lè dá ọ̀rẹ́ mi lẹ́bi jù, nítorí pé inú ilé tí wọ́n ti mọyì eérú la ti tọ́ gbogbo wa dàgbà. Eérú èèpo kòkó làwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, eérú ni wọ́n fi ń fọ ìdí ìkòkò, òun náà ni wọ́n ń wọ́n sí ìdí ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n eérú igi àti eérú èèpo kòkó nìyẹn. Eérú bátìrì, eérú wáyà, eérú pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà, kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú wọn.

Iná lè jẹ páálí, ó lè jẹ aṣọ àti ike, àmọ́ kò lè jẹ òjé. Kò lè jẹ cadmium, kò lè jẹ chromium, kò lè jẹ arsenic. Èyí tí kò bá bá èéfín lọ, inú eérú ló máa jókòó sí. Kódà nínú àwọn ẹ̀rọ ìsunpàǹtírí ńlá tí wọ́n ń lò nílẹ̀ òkèèrè, bí wọ́n bá sun 100 kílò ìdọ̀tí ìlú, ó lè ku 20 sí 25 kílò eérú. Ohun tó wà káàkiri nínú 100 kílò tẹ́lẹ̀ wá rọra kó ara jọ sínú 20. Èyí tó kúná jù lára rẹ̀, tó ń bá èéfín fò, ni májèlé rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Bí iná ò bá sì gbóná tó, bíi ti inú àgbá àti ààrò tiwa, àwọn wáyà àti ike kan máa ń bí oró mìíràn tí wọ́n ń pè ní dioxin, ó wà nínú èéfín, ó sì wà nínú eérú.

Bí eérú yìí bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á gbé e wọ ilé oúnjẹ àti imú ọmọ. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi á gba inú rẹ̀ kọjá lọ sínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi kànga àti bohóòlù sì lọ̀pọ̀ ilé ń mu ní Agége. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè sọ pé kò léwu. Ẹ rántí Zamfara ní 2010. Lóòótọ́ kì í ṣe eérú ló fà á níbẹ̀, òkúta wúrà ni wọ́n ń lọ̀ láàrin ilé, àmọ́ eruku òjé ló pa àwọn ọmọ tó lé ní 400.

Ọ̀rọ̀ fífi eérú mọ búlọ́ọ̀kù tún mú mi rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Guinea. Ní 1988, ọkọ̀ òkun kan kó nǹkan bí 15,000 tọ́ọ̀nù wá sí erékùṣù Kassa, tó dojú kọ ìlú Conakry. Wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì ni. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn rí i pé igi tó wà nítòsí ń rọ. Eérú ìdọ̀tí ìlú Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni. Ìjọba Guinea fárí gá, wọ́n sì dá a padà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ọkọ̀ mìíràn, Khian Sea, da nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù eérú ìlú yẹn sí etí òkun Gonaïves ní Haiti, ajílẹ̀ ni wọ́n pe tibẹ̀. Ó di 2000 kí wọ́n tó kó o kúrò. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ tí wọ́n ń fún un: bíríkì, ajílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é lórúkọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ṣe é fún o. Ní Byker, nílùú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin 1994 sí 1999, nǹkan bí 2,000 tọ́ọ̀nù eérú ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà láàrin àwọn oko kéékèèké tí àwọn ará ìlú ti ń gbin ẹ̀fọ́ tí wọ́n sì ń sin adìyẹ. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n rí òjé àti dioxin, ni wọ́n bá ní kí wọ́n má jẹ ẹyin adìyẹ ibẹ̀ mọ́. Ìjọba ìlú náà àti iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ fojú balé ẹjọ́, wọ́n sì san owó ìtanràn. Títẹ́ ojú ọ̀nà, bíi ti Agége gẹ́lẹ́.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n rí àwọn àgbá olóró láti Ítálì nínú ọgbà ẹnì kan ní Koko ní 1988, òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lọ́dún náà fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tó bá da ìdọ̀tí olóró nù láìgba àṣẹ. Mi ò sọ pé wọ́n máa torí àpò eérú mẹ́fà rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n gbére. Àmọ́ àwọn LASEPA lè ti géètì yín pa, ọjọ́ iṣẹ́ kan tí ẹ pàdánù sì ju owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lọ.

Ní tèmi, bátìrì, wáyà, gílóòbù, táyà àti pákó ọlọ́dà ò gbọ́dọ̀ wọ inú iná rárá. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wà, wọ́n á san owó wáyà fún yín láìjẹ́ pé ẹ sun ún. Èyí tó bá ti di eérú, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kó má bàa gbọn, ẹ dì í sínú àpò méjì, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé. Kí ọmọ iṣẹ́ má wọ aṣọ tó fi kó o lọ bá ọmọ rẹ̀ nílé. Iléeṣẹ́ kékeré kan ò lè dá sanwó kí wọ́n yẹ eérú wò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ mẹ́wàá lójú títì kan lè dáwó jọ.

Síbẹ̀, ibo ni ká wá kó o lọ? Ìbéèrè yìí ti ìjọba ni. Olúsósùn tí wọ́n ṣí ní 1992 kì í ṣe ibi tí wọ́n tẹ́ nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí oró má bàa wọ ilẹ̀. Ìjọba Èkó sì ti ń sọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tí yóò máa sun ìdọ̀tí fi ṣe iná mànàmáná ní Ẹ̀pẹ́. Kò burú. Àmọ́ bó bá sun 2,000 tọ́ọ̀nù lójúmọ́, nǹkan bí 400 tọ́ọ̀nù eérú ló máa kù lójoojúmọ́, ogún típà ńlá. Kí àwọn ẹgbẹ́ wa béèrè ibi tó ń lọ kí wọ́n tó ṣáná sí i.

Ọ̀rẹ́ mi ti yọ bátìrì àti wáyà kúrò nínú ààrò rẹ̀. Àpò eérú mẹ́fà ló wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ báyìí. Ó ti pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ládùúgbò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní eérú ò sí nínú ohun tí àwọn ń kó. Ọlọ́mọlanke tún dé ní Sátidé tó kọjá, ó ní kí wọ́n gbé e fóun. Ọ̀rẹ́ mi ní kó máa lọ.