Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Ń Wọ́: Ẹjọ́ Eré Ìforígbárí láti Tamale

Ẹ̀sùn kan wà tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kì í yé fi kan àwọn aláṣẹ eré náà: pé wọ́n ti sọ eré akọni di eré ọmọdé. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra ti mọ̀ pé wọn yóò gbé òun ṣánlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe gbé e. Lónìí, wọ́n ní ọwọ́ kò tíì ní kan ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dáadáa tí rẹfirí á ti ju aṣọ yẹ́lò rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó tóbi jù, tún fòfin de irú ìgbéṣánlẹ̀ kan, èyí tí ẹni tó di èèyàn mú fi ń yí ìdí, tó sì ń ju gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Ariwo ta. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú wọ síkẹ́ẹ̀tì fún àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Kí ló kan Tamale, ní àríwá Gánà níbí, nínú èyí? Ẹ̀sùn kan náà ni à ń gbọ́ níbí lórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó rántí Kaladan Park, nígbà tí Abedi Pele ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Real Tamale United. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi sọ fún yín pé láti ìgbà náà lọkùnrin ti tán lórí pápá. Wọn yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ FIFA lẹ́sẹẹsẹ: ní 1990, ó di dandan kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọ ohun ààbò sí ojúgun, ní Ife Àgbáyé 1998, wọ́n pàṣẹ káàdì pupa fún ẹni tó bá ta ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ látẹ̀yìn, wàyí o, VAR. Nígbà tí UEFA wo fídíò tí wọ́n sì dá Michael Essien dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, nítorí ẹsẹ̀ tó kì bọ Dietmar Hamann lórúnkún ní 2005, àwọn kan gbà pé wọ́n rẹ́ ọmọ Gánà jẹ ni. Orúnkún Hamann kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Mo fẹ́ ja iyàn yìí ní gbangba, nítorí iyàn tó ń pa ọmọ lára ni. Èrò mi ni pé eré kò rọ̀. Ibi tí owó àti kámẹ́rà wà ni wọ́n ti rọ̀ ọ́. Ibi tí ọmọ wa ti ń gbá a, bó ṣe le nígbà ayé bàbá rẹ̀ náà ló ṣe le. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ náà ti gbọ́ látẹnu wa pé ó ti rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn olùfisùn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n gbé Tua Tagovailoa ti Miami ṣánlẹ̀ ní Cincinnati, orí rẹ̀ kanlẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì gan lójú gbogbo ayé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdájọ́ fún àwọn rẹfirí. Grady Jarrett ti Atlanta gbé Tom Brady ṣánlẹ̀ bó ti yẹ kí wọ́n gbé èèyàn ṣánlẹ̀, wọ́n fìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Chris Jones ti Kansas City já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Derek Carr, bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣubú lé e, síbẹ̀ wọ́n fìyà jẹ òun náà. Ìdájọ́ méjèèjì kò dáa, n kò sì ní gbèjà ìkankan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni, ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ìpolówó, tí tíkẹ́ẹ̀tì ń tà nítorí rẹ̀. Àwọn géńdé tó dúró síwájú rẹ̀ ńkọ́, àwọn tó ń forí gbárí ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra? Ta ló ń ju aṣọ sílẹ̀ nítorí tiwọn?

Ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ kí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bẹ́ẹ̀. Bennet Omalu, ọmọ Nnokwa ní ìpínlẹ̀ Anambra, ni dókítà tó yẹ òkú Mike Webster wò ní Pittsburgh ní 2002. Àárín gbùngbùn ìlà iwájú ni Webster máa ń dúró sí. Ó gba Super Bowl mẹ́rin pẹ̀lú Steelers. Ẹni àádọ́ta ọdún ni nígbà tó kú, ó sì ti dé ibi tó ń sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ojú lásán kò rí àléébù kankan lára ọpọlọ náà. Omalu ní kí wọ́n gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, ibẹ̀ ló ti rí ìbàjẹ́ tí àwọn dókítà ń pè ní CTE. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 2005, àwọn dókítà tó ń bá NFL ṣiṣẹ́ sì kọ̀wé pé kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Boston University sọ pé nínú ọpọlọ 111 tí wọ́n gbà látara àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní NFL, 110 ló ní àrùn náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí tó fi ọpọlọ èèyàn wọn sílẹ̀ ti ń fura tẹ́lẹ̀, torí náà a kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ní i. Síbẹ̀, 110 nínú 111 kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ohun tó sì ba iyàn "eré ti rọ̀" jẹ́ pátápátá nìyí: kì í ṣe ìgbéṣánlẹ̀ ńlá tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí nìkan ló ń ba ọpọlọ jẹ́. Àwọn kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà, tí kò dá ẹni náà kú, tó kàn mú kí etí rẹ̀ hó díẹ̀, àwọn ni wọ́n ń kóra jọ fún ogún ọdún. Òfin tuntun ń mú ńlá. Kékeré ń bẹ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan kò sì ráhùn pé ó ti pọ̀ jù.

Àwọn tó ń bá mi jiyàn yóò ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí a bẹ́ ẹ. Ní 1905, ikú àwọn ọ̀dọ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà pọ̀ débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí ilé ìjọba. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n pa eré náà rẹ́. Wọ́n kò pa á. Wọ́n yí òfin padà, wọ́n sì gbà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní 1906 pé wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ìjùsíwájú yẹn, tí àwọn tó ń ráhùn lónìí ń torí ẹ̀ dìde lórí ìjókòó, ọmọ ìrọ̀rùn ni. Àwa Yorùbá náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Nínú ìjàkadì, bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kanlẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá ṣì ń lu ẹni tó ti wà nílẹ̀, ìlù kì í kì í.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí wa mọ́. Ezekiel Ansah, ọmọ Accra, kò mọ eré náà rárá kó tó dé Brigham Young University. Ní 2013, òun ni Detroit Lions mú ní ipò karùn-ún nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn lọ́dún náà. Adewale Ogunleye, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ti fakọ yọ ṣáájú rẹ̀ ní Miami àti Chicago. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, NFL pàgọ́ sí Accra láti wá àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó lágbára. Ẹni tó bá rí ọ̀nà, kó lọ. N kò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni má wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bó bá dé ọ̀hún, yóò kúkú bá dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nígbà tí Damar Hamlin ṣubú ní Cincinnati ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2023 tí ọkàn rẹ̀ dúró, àwọn olùtọ́jú ti wà lórí rẹ̀ kí àwọn òǹwòran tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yè é, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù. Ìrọ̀rùn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Níhìn-ín ńkọ́? Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2025, Ṣẹ́gun Ọláńrewájú tí wọ́n ń pè ní Success, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà, ṣubú ní ráùn kẹta ní Bukom Boxing Arena ní Accra. Wọ́n gbé e lọ sí Korle Bu, kò yè é. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ sì jẹ́ eré tí gbogbo ayé gbà pé ó léwu, tí òfin rẹ̀ ní kí dókítà wà nítòsí. Bí ikú bá ráyè wọ irú ibẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa pápá tí kò ní ju kóòṣì kan àti fèrè kan lọ?

Kì í ṣe Aliu Mahama Stadium, tí wọ́n kọ́ fún Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2008, ni mo ń wí. Pápá Colts, ìyẹn bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ni, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ ló bò ó. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ilẹ̀ náà á gan, eruku á sì bojú débi pé ẹni tó fò sókè kò ní rí ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ méjì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró rẹ̀ gbẹ, ẹni tó wà lẹ́yìn igi gólù gbọ́ ọ. Ọ̀kan dìde. Èkejì jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Kóòṣì sáré dé, ó feyín já ọ̀rá pure water, ó dà á sí i lórí, ó fi Robb pa á níwájú orí, ó ní, "Ṣe bí ọkùnrin." Ọmọ náà dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré lọ sí ọ̀dọ̀ gólì tiwọn, ó sì gbá a síbẹ̀. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí. Kóòṣì náà kì í ṣe ìkà o. Òun ló ń fowó ara rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù, òun ló ń lọ bẹ àwọn ìyá kí wọ́n lè yọ̀ǹda ọmọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ọmọ tí kò mọ gólì tiwọn mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ti mì, àti pé bí ìkọlù mìíràn bá tún bá a kí ìyẹn tó san, ọpọlọ lè wú lójijì. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ọmọ.

Àwọn mìíràn ti wá nǹkan ṣe sí i. Lẹ́yìn tí ìwádìí kan ní Glasgow fi hàn ní 2019 pé iye àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ jẹun rí tí àrùn ọpọlọ ń pa tó ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ti àwọn ẹlòmíràn, Scotland ní kí wọ́n yé kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní fífi orí kan bọ́ọ̀lù. Amẹ́ríkà ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké láti 2015. Láti 2024, àwọn tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé ti gbà kí ìdíje tó bá fẹ́ máa fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó forí gbá, láìkà á mọ́ iye ìpààrọ̀ tí ẹgbẹ́ ní. Ìdíje tó bá fẹ́, wọ́n ní. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù ní ẹkùn Àríwá, láti Division Two títí dé Colts, sọ pé àwọn fẹ́. Kò ní ná wọn ní pẹ́sẹ́wà kan. Kí kóòṣì Colts yé ju bọ́ọ̀lù sókè fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé kó forí kàn án, ìyẹn náà kò ná wọn ní nǹkan kan. Kí ẹnì kan tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì wà ní pápá, èyí yóò ná wọn lówó díẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ẹ má sọ fún mi pé áńbúláǹsì wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba pín 307 káàkiri gbogbo Gánà, tí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan fi rí ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ní aláboyún àti jàǹbá ọkọ̀ láti sáré sí. Kò lè wá dúró ti Colts.

Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí pé àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń gbá Colts. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí ni àwọn baba ti wá ṣòwò nílùú yìí. Àṣẹ tí ìjọba Gánà pa fún àwọn àjèjì ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n àwọn kan padà. Lónìí, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Dagomba ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà. Bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe ń dáwó fún ìnáwó òkú, wọ́n lè dá a fún àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì.

Bàbá kan lè sọ pé bí a bá ń kẹ́ ọmọ báyìí, àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kò ní mú un. Wọn kì í mú ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí gólì tiwọn náà.

Ẹ̀yin kóòṣì, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe láti ìrọ̀lẹ́ òní kò gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ tó bá forí gbá, ẹ bi í: Pápá wo la wà yìí? Ta ló jẹ gólù kẹ́yìn? Apá kìíní la wà àbí apá kejì? Ẹgbẹ́ wo la bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bó bá ṣi ọ̀kan péré, kó jókòó, kó má padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ sunkún. Kódà bó bá gba gbogbo rẹ̀ tí orí ṣì ń fọ́ ọ tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kó jókòó. Bó bá ń bì, bí orí rẹ̀ bá ń fọ́ sí i, bó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, Tamale Teaching Hospital ló kàn. Kí àgbàlagbà kan bá a lọ, ẹ má ṣe gbé e sẹ́yìn alùpùpù.