Mítà Kan, Yàrá Mẹ́jọ

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, ní Mushin, ní Agége tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ìwé kan máa ń wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi báírò kọ, tí etí rẹ̀ ti ká. Yàrá kẹta: gílóòbù méjì, fáànù kan, tẹlifíṣàn kan, fíríìjì kan, pọ́ìntì márùn-ún. Yàrá kẹrin: gílóòbù kan, fáànù kan, pọ́ìntì méjì. Bí yúníìtì bá ti tán nínú mítà, iye pọ́ìntì yìí ni wọ́n fi ń dáwó. Gbogbo ilé gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn gan-an ló sì ń sọ owó iná wọn di ẹrù.

Ẹ wò ó. Gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ 60 wáàtì, pọ́ìntì kan. Gílóòbù LED tó ń jẹ 9 wáàtì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, pọ́ìntì kan. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ 1000 wáàtì, pọ́ìntì kan náà ni. Ìyá àgbàlagbà tó wà ní yàrá kẹrin lè fi owó ara rẹ̀ ra LED, kó máa pa fáànù bó bá ń jáde, síbẹ̀ pọ́ìntì méjì ni yóò san. Èrè ìṣọ́ra rẹ̀ ti di ti gbogbo ilé. Àpọ́n tó sì gbé sítóòfù oníná pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi se ẹ̀wà lóru, kò sí lórí ìwé rárá. Kí ni ẹnikẹ́ni yóò ṣọ́ iná lò fún nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí iná ṣì pọ́ọ́kú, èèyàn lè gbójú fò ó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mọ̀nàmọ́ná gbé owó yúníìtì kan láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 iná lójúmọ́ fún. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi di oṣù keje, ₦209.50 ni, láìka owó orí VAT mọ́ ọn. Wáyà tó gbé iná wọ àdúgbò ni wọ́n fi ń pín Band, ayálégbé kò sì lè yan tirẹ̀. Yúníìtì kan ni ohun tó jẹ́ 1000 wáàtì ń jẹ ní wákàtí kan. Bí sítóòfù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn bá jẹ́ 1000 wáàtì, ní ₦209.50 yẹn, ẹ̀wà wákàtí méjì ti kó ₦419 lọ. Gílóòbù 60 wáàtì tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́ yóò jẹ yúníìtì 9 lóṣù, owó rẹ̀ á sún mọ́ ₦1,900. LED 9 wáàtì kò ní í jẹ tó ₦300.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó máa wàásù ìṣọ́ra fún ayálégbé, kí yàrá kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ní mítà tirẹ̀. Mítà abẹ́lé ni, èyí tí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ń so tẹ̀ lé mítà ńlá. Ilé iṣẹ́ apínná kò ní í bá ẹnikẹ́ni ṣírò rẹ̀, mítà ńlá nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn ará ilé ni yóò máa kà á láàárín ara wọn. Pọ́ǹpù omi àti gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n máa pín dọ́gba.

Ta ni yóò san owó mítà náà? Onílé ni. Ara ilé rẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, ibẹ̀ ni yóò sì wà nígbà tí ayálégbé bá kó lọ. Bí onílé kò bá ní owó lọ́wọ́, kí ayálégbé san án, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí onílé ọ̀la lè má rántí àdéhùn ẹnu. Ewu kan wà tó yẹ kí wọ́n dí ọ̀nà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn onílé kan ń ta yúníìtì fún ayálégbé ju iye tí àwọn fúnra wọn rà á lọ. Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ti ní kí onílé tó ń gba owó iṣẹ́ ilé máa ṣírò rẹ̀ fún ayálégbé lákọsílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Bó ṣe yẹ kó rí fún owó iná nìyẹn: kí rìsíìtì mítà ńlá wà níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Ìgbà yẹn ni àwọn nǹkan kéékèèké yóò tó ní ìtumọ̀: kí wọ́n lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ayálégbé ra LED tí yóò tú kó lọ bó bá ń lọ. Obìnrin tó ń ta sóbò àti omi dídì nínú yàrá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Oṣooṣù ni wọ́n ń bá a jà nítorí fìríísà, tí kò sì mọ iye tí yìnyín rẹ̀ ń jẹ ní tòótọ́. Bó bá ní mítà tirẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì mọ iye tó yẹ kó ta ike sóbò kan. Kó fi bébà kan há ẹnu ìlẹ̀kùn fìríísà, kó tì í, kó sì fa bébà náà. Bó bá yọ wọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú, òtútù tó fowó rà ń jò jáde tọ̀sán-tòru, ó sì kù sọ́wọ́ rẹ̀ láti wá ẹni tí yóò bá a pààrọ̀ rọ́bà náà kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.