Nígbà Tí Iṣan Ẹ̀yìn Bá Dákẹ́

Iná mànàmáná ń bẹ nínú ara wa. Bí ẹ bá gbé ọmọ odó sókè, iná tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ sáré gba inú iṣan apá yín kí iṣan náà tó sún kì.

Ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí a ń kọ́ àwọn dókítà ọ̀la ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní 1962. Nínú yàrá ìwádìí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, a ó fi sípíríìtì nu awọ ara, a ó lẹ irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ ọn, ẹ̀rọ yóò sì máa ya iná iṣan náà ní ìlà. Agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan.

Ní 1951, Floyd àti Silver, onímọ̀ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa ohun tí ẹ̀rọ yìí fi hàn. Bí a bá ń tẹ̀ síwájú, iṣan ẹ̀yìn a máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ dé òpin, ìlà náà a dúró jẹ́ẹ́. Iṣan ti dákẹ́. Àwọn okùn líle tí ó so eegun ẹ̀yìn pọ̀ ni ó wá ń gbé ẹrù.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ̀ kanlẹ̀ gbé bàsíà omi. Ẹ lóṣòó, ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ sì fi agbára itan dìde. Ẹ gbé ọpọ́n ìfọṣọ sórí àpótí. Bí ẹ bá ń gbálẹ̀, ẹ máa nàró lóòrèkóòrè. Ẹ̀yìn tí ó ń pọn ọmọ yẹ ní títọ́jú.