Ẹ Gba Ìwé Lé Orúkọ Ọjà Yín Lórí



Owó oṣù nìkan kò gbọ́ bùkátà ilé mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, fi ń ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tó ń po ọṣẹ wà nínú wa, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì wà, ẹni tó ń di gààrí sí ọ̀rá wà, wẹ́dà tó ń kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ náà wà. Iṣẹ́ yìí ni yóò gbé ẹlòmíràn ró lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ bá dá a dúró. Ṣùgbọ́n à ń náwó sórí ọjà, a kì í náwó sórí orúkọ rẹ̀. Bí ọjà náà bá wá tà tán, ẹlòmíràn yóò lẹ orúkọ yẹn mọ́ tirẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Mo ti gba ìwé CAC, mo sì ti gba nọ́ńbà NAFDAC." Ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ìwé CAC ń fi hàn pé ìjọba mọ iléeṣẹ́ rẹ. Nọ́ńbà NAFDAC ń fi hàn pé wọ́n ti yẹ ọjà náà wò. Kò sí èyí tó sọ pé ìwọ nìkan ló ni orúkọ tó wà lára ọjà. Ìwé kẹta ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìwé àmì ọjà, lábẹ́ òfin ọdún 1965. Ọ́fíìsì tó ń fún ni wà ní Àbújá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò. Kí wọ́n tó fún ọ, wọn yóò gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn wọn, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn sì ní oṣù 2 láti sọ̀rọ̀. Bí o bá gbà á, ọdún 7 ló máa lò. Bí o bá tún un ṣe, yóò lo ọdún 14 sí i. Ẹni tí kò ní ìwé yìí ṣì lè lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òun ni àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọjà náà. Owó lọ́yà ibẹ̀ kì í ṣe owó òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì, ẹ mọ bíréèkì Ferodo. Gẹ̀ẹ́sì kan, Herbert Frood, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1897. Ó da lẹ́tà orúkọ bàbá rẹ̀ rú, ó fi lẹ́tà E ti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ kún un, ó di Ferodo. Nígbà tó yá, Ferodo pe Ibeto, iléeṣẹ́ ará Nnewi, lẹ́jọ́ pé páálí bíréèkì Union tó ń tà jọ páálí tiwọn. Ní 2004, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá Ibeto láre. Orúkọ Ferodo ló wà nínú ìwé, kì í ṣe àwọ̀ páálí, Union kò sì jọ Ferodo. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni òfin ń gbèjà. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023 ti wá fàyè gba páálí, ìrísí ọjà àti àwọ̀ tí a pa pọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ páálí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kan awakọ̀ tí kò tilẹ̀ ta nǹkan kan, nítorí ẹni tó bá ra bíréèkì ayédèrú nínú páálí gidi, ẹ̀mí èrò ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ wa ń lo ẹ̀rọ AI inú fóònù láti wá orúkọ, kí wọ́n sì ya àmì ọjà láàárín ìṣẹ́jú kan. A kò ní kí wọ́n má lò ó. Ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ náà ti kọ́ṣẹ́, ó sì lè gbé ohun tó jọ ti ẹlòmíràn fún ọ. Ní Amẹ́ríkà, kóòtù kan ní Washington dájọ́ ní 2023 pé àwòrán tí ẹ̀rọ nìkan yà, tí ọwọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà kankan. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2025. Òfin wọn kọ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìwé ọ́fíìsì Àbújá wò ná, kí ẹ tó tẹ orúkọ sára ọ̀rá ẹgbẹ̀rún kan.

Ọjà mìíràn sì wà tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ẹ wo ìrẹsì Ìgbẹmọ, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa níhìn-ín. Òfin 1965 yẹn fàyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí kì í ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ láti gba àmì tí ń jẹ́rìí sí i pé ojúlówó ni. Kí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yìí má sùn lé e.

A mọ̀ pé owó rẹ̀ wọ́n fún ẹnì kan. Ìdí nìyí tí a fi ń dá a lábàá pé kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jọra da ara pọ̀ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n ní orúkọ kan, kí wọ́n sì jọ san owó lọ́yà. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a ṣe ń jà fún owó oṣù wa níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jà bẹ́ẹ̀ fún orúkọ tí a fi òógùn ojú wa ṣe.