Àmánà Ni Ìbò, Kì í Ṣe Ogún Ẹgbẹ́ Òṣèlú

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ni ìjọba àná, tòní àti tọ̀la. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìròyìn kan jáde láti ìlú Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìlú yìí ni olú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Lẹ́bánọ́nì, Yẹ́mẹ̀nì, Ìráàkì àti Palẹsítínì fi ṣe ilé. Nígbà ìdìbò Ààrẹ ọdún 2020, nǹkan bí ìbò méje nínú mẹ́wàá ní ìlú náà ni ó jẹ́ ti Joe Biden, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Kamala Harris ti ẹgbẹ́ kan náà kò rí ju nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Donald Trump ti ẹgbẹ́ Republican rí nǹkan bí 42, Jill Stein ti ẹgbẹ́ Green sì kó nǹkan bí 18.

Kí èsì náà tó tutù ni ariwo ti sọ. Àwọn kan ní aláìmoore ni àwọn Mùsùlùmí Dearborn, pé wọ́n ti da ẹgbẹ́ tí ó gbà wọ́n mọ́ra. Àwọn mìíràn ń yọ̀, wọ́n ní Mùsùlùmí ti rí ilé rẹ̀ gan-an nínú ẹgbẹ́ Republican. Apá méjèèjì ni ó ṣì í. Àmánà ni ìbò, ohun ìfọkàntán ni, Ọlọ́hun ni yóò sì bi ẹni tí ó dì í léèrè. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè jẹ ẹ́ lógún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí inú bíbí nìkan máa darí rẹ̀.

ẸGBẸ́ Ń PÀÀRỌ̀ Ẹ̀WÙ

Ní 1854 ni àwọn tí kò fẹ́ kí oko ẹrú tàn kálẹ̀ sí i dá ẹgbẹ́ Republican sílẹ̀. Abraham Lincoln, Ààrẹ àkọ́kọ́ láti inú ẹgbẹ́ náà, ni ó kéde òmìnira àwọn ẹrú ní 1863. Nígbà tí àtúnṣe sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọkùnrin adúláwọ̀ ní ẹ̀tọ́ ìbò ní 1870, ẹgbẹ́ Lincoln ni wọ́n ń dìbò fún, bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Democrat ti ìhà gúúsù ni ó ń fi òfin àti ipá lé wọn kúrò nídìí àpótí ìbò nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ní 1877, ìjọba Republican kó ìyókù àwọn ọmọ ogun tí ó ń ṣọ́ adúláwọ̀ ní gúúsù kúrò níbẹ̀, ó sì fi àwọn tí ó ti ń dìbò fún un sílẹ̀ fún ọ̀tá. Síbẹ̀ ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí púpọ̀ wọn tó yí padà. Ní 1936, lẹ́yìn tí ọ̀dá owó ti han gbogbo ayé léèmọ̀, tí ètò ìrànwọ́ Ààrẹ Franklin Roosevelt sì kàn wọ́n lára, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn dìbò fún Democrat. Ní 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà léèwọ̀. Barry Goldwater tí Republican fà kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ lọ́dún náà ti dìbò takò ó nílé aṣòfin àgbà. Láti ìgbà náà ni ìbò adúláwọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Democrat tán, tí àwọn aláwọ̀ funfun ìhà gúúsù sì ń rọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Republican.

Orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì kò yí padà. Ohun tí ó wà lábẹ́ orúkọ ni ó yí. Ẹni tí ó bá ní òun yóò kú sínú ẹgbẹ́ kan nítorí orúkọ rẹ̀, ẹ̀wù ni ó dì mọ́; ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti lọ.

Ẹ̀KỌ́ ỌDÚN 2000

Àwọn Mùsùlùmí Amẹ́ríkà náà ti tọ́ èyí wò. Lẹ́yìn òfin kan tí Ààrẹ Bill Clinton ti Democrat fọwọ́ sí ní 1996, ìjọba ń fi àwọn àjèjì kan sí àtìmọ́lé lórí ẹ̀rí ìkọ̀kọ̀, ẹ̀rí tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò gbọdọ̀ rí. Lárúbáwá àti Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn. Nínú àríyànjiyàn orí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹwàá 2000, George W. Bush ti Republican dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ kan tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí mẹ́rin gbé kalẹ̀ fi kéde pé kí Mùsùlùmí dìbò fún un. Ìbò 537 péré ni Bush fi borí ní ìpínlẹ̀ Florida, ìpínlẹ̀ tí ó gbé e dé ipò Ààrẹ.

Ṣùgbọ́n kùdìẹ̀-kudiẹ kan wà nínú ìpinnu náà. Àwọn Mùsùlùmí adúláwọ̀ tí a bí nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ apá ńlá nínú ìjọ níbẹ̀, ráhùn pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn bí ó ti tọ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì dìbò fún Bush. Ìjọ tí ó ń ka ìmọ̀ràn sí apá kan ẹ̀sìn gbàgbé láti gbìmọ̀ pọ̀. Nígbà tí ìjì dé lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001, kò sí àdéhùn tí a lè dì mú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà, Bush fọwọ́ sí òfin tí ó fún ìjọba lágbára púpọ̀ sí i láti máa ṣọ́ ará ìlú. Ní 2003, ó kógun wọ Ìráàkì. Ní 2004, ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ó ti dìbò fún un yí padà sọ́dọ̀ Democrat.

LÁTI INÚ ILÉ KAN SÍ ÒMÍRÀN

Ọwọ́ tí Democrat fi gbà wọ́n dára lójú ọ̀pọ̀. Ní 2006, a yan Keith Ellison, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilé aṣòfin àpapọ̀. Nígbà tí Trump fi òfin de àwọn ará orílẹ̀-èdè méje tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ní oṣù kìíní 2017, àwọn aṣáájú Democrat takò ó. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé Yorùbá: ní 2020, wọ́n fi Nàìjíríà kún un, wọn kò sì fún ọmọ Nàìjíríà ní físà ìfìdíkalẹ̀ mọ́, títí Biden fi pa òfin náà rẹ́ ní ọjọ́ tí ó gorí oyè ní oṣù kìíní 2021. Oore ni èyí, Mùsùlùmí kì í sì í sẹ́ oore.

Ṣùgbọ́n oore kì í sọ ni di ẹrú. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni bọ́ǹbù ti ń rọ̀ sórí Gásà, ìjọba Biden sì ń kó ohun ìjà fún Ísírẹ́lì. Ní ìdìbò abẹ́lé Democrat ní Michigan, oṣù kejì 2024, àwọn ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ yàn láti sọ pé àwọn kò tí ì fara mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkìlọ̀ ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé àpapọ̀ rẹ̀ ní Chicago ní oṣù kẹjọ, àwọn tí ó ṣe ìkìlọ̀ náà bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí ọmọ Palẹsítínì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lórí àga. Wọn kò gbà. Ẹni tí a bá ti dá lójú pé kò níbòmíràn tí yóò lọ, a kì í dá a lóhùn. Èèyàn kò sì lè pe ẹni tí ìbátan rẹ̀ wà lábẹ́ àwókù ilé ní aláìmoore nítorí pé ó kọ̀ láti dìbò fún ẹni tí ó fi ohun ìjà ránṣẹ́.

Trump wá sí Dearborn ní ọjọ́ díẹ̀ sí ìdìbò. Olórí ìlú Hamtramck tí kò jìnnà síbẹ̀, ọmọ bíbí Yẹ́mẹ̀nì, ti dúró tì í. Ó wọlé. Ní oṣù kẹfà 2025, ó fi òfin de àwọn ará orílẹ̀-èdè 12. Yẹ́mẹ̀nì, Sòmálíà, Sùdáànù àti Líbíyà wà nínú wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ti ọdún 2000 tún ṣẹlẹ̀: wọ́n ti fi ìbò sílẹ̀ kí wọ́n tó gba àdéhùn.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN Ọ̀DỌ́

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà àbáyọ ni pé kí Mùsùlùmí má dá sí ìbò mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sílé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ òfin tí àwọn tí ó jáde yóò ṣe. Àìlọ kọ́ ni àìsàn náà. Àìní ètò ni.

Ètò yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ìfẹ́ tí kò ní ìdíwọ̀n, ti Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní ìpín nínú rẹ̀. Kí ìjọ tó sọ ibi tí yóò dìbò sí, kí ó gbìmọ̀, kí adúláwọ̀ àti Lárúbáwá, onílé àti àlejò, ọkùnrin àti obìnrin wà níbẹ̀. Kí a kọ ohun tí a ń béèrè sílẹ̀ kí ìbò tó wọ àpótí. Lẹ́yìn náà, kí a máa ṣírò iṣẹ́ ẹni tí a yàn lọ́dọọdún, ìbáà jẹ́ ẹni tí a fẹ́ràn. Ẹni tí ó bá lọ láì gbìmọ̀ yóò padà láì rí nǹkan kan mú bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ó ti di ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ìwé ìbò náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ Dearborn, ọ̀rọ̀ wọn ni. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ ni yóò dà. Bí Mùsùlùmí bá sì pẹ́ nínú ẹgbẹ́ láì bi í léèrè, ẹgbẹ́ ni yóò máa sọ ohun tí ó tọ́ fún un. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún ẹni tí Ọlọ́hun ti sọ ohun tí ó tọ́ fún.

Kí Ọlọ́hun tọ́ gbogbo Mùsùlùmí sọ́nà, kí Ó fi ìṣọ̀kan sáàárín wọn, kí Ó sì gba àwọn ẹni tí a ń pọ́n lójú níbi gbogbo. Àmín.