Ẹ Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Yọ Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Kúrò Láyà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ẹ̀yin ará ilé sọ̀rọ̀ lórí ikọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Owó Ventolin, oògùn tí àwọn oní-ásímà ń fà sẹ́nu, fò sókè. Ariwo oògùn la wá ń pa ṣáá. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: fífi èémí yọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Àwọn òyìnbó ń fi í tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n bí àrùn cystic fibrosis mọ́, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn máa ń ki jù. Àrùn yẹn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikọ́ ife ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ kó tó san, àti ìyá arúgbó tí èéfín igi ìdáná ti wọ̀ láyà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ló ń dà wọ́n láàmú, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Èmi àgbẹ̀ yìí wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ físíò ló kọ́ mi. Èèyàn á jókòó dáadáa, á rọra máa mí. Á wá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, á dá èémí dúró díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Á sinmi. Lẹ́yìn náà, á la ẹnu, á tú èémí jáde, "háà!", bí ẹni tó fẹ́ nu gíláàsì ojú, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kúrò nínú ihò kéékèèké bọ́ sí ńlá, ikọ́ díẹ̀ á gbé e jáde. Ikọ́ tí à ń fi gbogbo agbára wú máa ń fún ihò náà pa ni. Kì í ṣe pé kí a pa oògùn tì o! Ẹni tó bá sì ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni níṣẹ́ físíò. Wọ́n ń ṣe é ní Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n arúgbó mélòó ní Ìpaò ló lè máa wọkọ̀ lọ sí Ìdó? Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti gbogbo abúlé wa. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná mànàmáná. Àga kan àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbà. Òjò tó rọ̀ sí Ìdó nìkan kò lè mú iṣu Ìkọ̀lé ta.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì.